Ṣé lóòótọ́ ni pé fífa ìka kó dún ń fa làkúrègbé?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Onídìrí ni mí. Bí mo bá ti dirun orí kan tán, àfi kí n fa ìka mi lọ́kọ̀ọ̀kan kó dún kọ́, kọ́, kọ́, kára tó tù mí. Màmá ọkọ mi ò fẹ́ gbọ́ ọ sétí rárá: wọ́n ní làkúrègbé ni mò ń fọwọ́ ara mi pè.

Mo kà á pé kì í ṣe egungun ló ń dún, afẹ́fẹ́ inú omi oríkèé ni. Dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Donald Unger, fa ìka ọwọ́ òsì rẹ̀ nìkan fún ohun tó lé ní 60 ọdún, làkúrègbé ò sì mú un lọ́wọ́ kankan. Àmọ́ ẹnì kan ṣoṣo nìyẹn, mi ò sì rò pé ó dirun rí!

Àtàǹpàkò ọ̀tún mi ló ń kọ mí lóminú. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó ti ń dùn mí tí mo bá fà á, ó sì máa ń le láàárọ̀. Ṣé fífà ló fà á ni, àbí iṣẹ́? Ẹ̀yin nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n ṣe?