Mi ò jẹun lálẹ́, ṣúgà mi tún ga láàárọ̀: ta ló ń jẹun nínú mi lóru?

Ìyá Télọ̀ Ìkọ̀lé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo ń gbé, télọ̀ ni mí, ọmọ ọdún 49. Ó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lónìí tí wọ́n ti sọ fún mi pé mo ní àtọ̀gbẹ. Ìtọ̀ ló gbé mi lọ síbẹ̀: ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni mò ń dìde lóru, òǹgbẹ ń gbẹ mí bí ẹni tó jẹ gààrí gbígbẹ, ojú mi sì ń ṣe bàìbàì débi pé ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ló ń bá mi ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Èmi rò pé awò ojú ni mo nílò.

Níbi tí mo ti ṣàyẹ̀wò, wọ́n ní ṣúgà mi jẹ́ 15. Wọ́n kọ Metformin 500 fún mi, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́. Wọ́n ní kí n ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà, kí n sì ṣọ́ ẹnu mi. Ó parí. Èrò pọ̀ lẹ́yìn mi lọ́jọ́ náà, n kò lè bínú sí wọn jù. Àbúrò mi bá mi ra ẹ̀rọ náà ní Adó. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gún ìka, ó kọ 238. Ẹ̀yin ará, mo figbe ta! 15 di 238 láàárín òru kan! Mo pe ọkọ mi lóko, mo sọ ibi tí mo tọ́jú owó àjọ sí fún un. Ọ̀kadà ló gbé e wálé, ó sì bá mi níbi tí mo ti ń gbálẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe láràárọ̀: 214, 231, 198, 226. Lọ́sàn-án Sátidé tó kọjá ó tilẹ̀ kọ 341, ẹ̀wà nìkan ni mo sì jẹ. Iyán? Mo ti fi sílẹ̀ pátápátá. Ọmọ Èkìtì ló máa mọ ohun tí mo ń sọ. Tí wọ́n bá ti ń gún uyán nílé kejì, ńṣe ni mo máa ń tẹ máṣíìnì kíkankíkan kí n má baà gbọ́ ìró odó. Tíì tí kò ní ṣúgà ni mo fi ń lo oògùn àárọ̀, omi ni mo fi ń lo talẹ́. Tó bá ti di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, ẹnu mi ti padé nìyẹn.

Lánàá kí n tó sùn, ó jẹ́ 176. Mo dúpẹ́, mo sùn. Nígbà tí mo jí, ó di 212! N kò jẹ, n kò mu, àfi omi. Ta ló ń jẹun nínú mi lóru?

Ìyá ọkọ mi ti gbé àgbo wá, ìgò méjì. Ó ní kí n ju oògùn òyìnbó nù, pé òun ló ń da inú mi rú. Ó ń dà á rú lóòótọ́ o, mo ń sáré láti orí máṣíìnì lọ sí ṣáláńgá bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ti ń bà mí báyìí, èmi tí mo ti ń fi abẹ́rẹ́ jẹun láti ọdún 1994.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Adó:

Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ 15 àti 238 kúrò nílẹ̀, torí òun ló dá gbogbo ìpayà yìí sílẹ̀. Òṣùwọ̀n méjì ni wọ́n fi ń wọn ṣúgà ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ẹ lọ lo mmol/L, ẹ̀rọ yín ń lo mg/dL. Ẹ̀yin télọ̀ ló máa tètè yé jù: aṣọ kan náà ni, ẹnì kan fi yáàdì wọ̀n ọ́n, ẹnì kejì fi íǹṣì. Ẹ sọ 15 di ìlọ́po 18, 270 ni. Nígbà tí ẹ rí 238, ó ti wálẹ̀ díẹ̀ ni! Ó yẹ kí ẹnì kan ti sọ èyí fún yín.

Ti òru wá ńkọ́? Mo mọ ibi tí ọkàn yín ń lọ, ṣùgbọ́n kò sí àjẹ́ ńbẹ̀. Ẹ̀dọ̀ yín ni. Ẹ̀dọ̀ máa ń tọ́jú ṣúgà pamọ́. Tó bá ti ń di ìdájí, ara á ṣe bí ẹni tó fẹ́ jí, á ní kí ẹ̀dọ̀ tú díẹ̀ jáde kí èèyàn lè rí agbára dìde. Lára ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ, insulin, èròjà ara tó ń kó ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, á tètè kó o. Tiwa kì í ká a mọ́. Nítorí náà, ebi tí ẹ ń fi pa ara yín láti aago mẹ́fà kò lè dí ẹ̀dọ̀ lọ́wọ́. Ẹ jẹun alẹ́ yín, kó ṣáà má pọ̀, kó má sì pẹ́ jù.

Tíì ṣófo àti omi lásán tí ẹ fi ń lo Metformin ló ń lé yín lọ sí ṣáláńgá. Àárín oúnjẹ gan-an ni kí ẹ ti máa gbé e mì. Inú sábà máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Tí kò bá rọlẹ̀, irú kan wà tó máa ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú, ẹ bi dókítà yín léèrè rẹ̀. Iye tí wọ́n fún yín yìí, ìbẹ̀rẹ̀ ni. Wọ́n lè fi kún un, torí náà ẹ padà lọ, kí ẹ sì kọ nọ́ńbà yín pẹ̀lú aago àti ohun tí ẹ jẹ lọ fún wọn. Ohun tí a sábà máa ń fojú sí fún àgbàlagbà ni 80 sí 130 kí wọ́n tó jẹun, kó má sì tó 180 ní wákàtí méjì lẹ́yìn oúnjẹ. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ má tíì ra awò o. Ṣúgà tó ń gòkè tó ń sọ̀ ló ń da ojú rú bẹ́ẹ̀. Tó bá fìdí múlẹ̀ tán ni kí wọ́n wọ̀n ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí oníṣègùn ojú yẹ inú ẹyinjú wò.

Ìbéèrè kan: lọ́jọ́ tó kọ 341, kí lẹ fọwọ́ kàn kí ẹ tó gún ìka? Àti pé níbo lẹ ń gbé ìgò sítíríìpù, pépà tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ ń ki bọ ẹ̀rọ, sí? Tó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́ áyọ́ọ̀nù, ẹ gbé e kúrò, ooru lè bà á jẹ́.

Tó bá ń kọjá 300 léraléra, tí èébì, mímí gúlegúle tàbí oorun àsùnrabàjẹ́ bá tẹ̀ lé e, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má kọ ọ́ síbí láti béèrè.

Bàbá Olóko, Ẹ̀fọ̀n:

Ọmọ mi, ọdún kọkànlá mi rèé pẹ̀lú nǹkan yìí. Ohun tí o ń ṣe yẹn, èmi náà ṣe é. Glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn, ni wọ́n fún èmi nígbà náà. Mo gbé oògùn mì láàárọ̀, mo ní n kò ní jẹun kí nọ́ńbà lè dára, mo gba oko lọ. Àárín ebè ni òógùn tútù ti bò mí, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo ń pe ọmọ mi ní orúkọ àbúrò mi. Ọmọ náà ní làákàyè, ó fún ọsàn sí mi lẹ́nu. Ṣúgà mi ti wálẹ̀ jù: 52 ni wọ́n bá nígbà tí wọ́n wọ̀n mí nílé. Láti ọjọ́ náà, kúùbù ṣúgà mẹ́rin kì í kúrò nínú àpò mi. Àtọ̀gbẹ ní ṣúgà lápò, àwọn ọ̀rẹ́ mi ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ iyán, èmi kò fi í sílẹ̀ o. N kò lè parọ́ fún ọ. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni, kò ju ìkúùkù lọ. Ẹ̀fọ́ rírò àti ẹja ni mo kọ́kọ́ máa ń jẹ dáadáa, kí iyán tó wọlé. Lẹ́yìn náà mo á rìn dé orí òkè padà. Mo wọ̀n ọ́n lẹ́yìn wákàtí méjì: 171. Lọ́jọ́ ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi, mo jẹ ẹ́ bí mo ṣe ń jẹ ẹ́ tẹ́lẹ̀: 268. Ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe adájọ́, ọmọ mi. Bi í léèrè ọ̀rọ̀.

Má sì rìn láìwọ bàtà. Abẹ́rẹ́ kì í wọ́n nílẹ̀ sọ́ọ̀bù télọ̀. Tọ́ọ̀ṣì ni èmi fi ń yẹ ẹsẹ̀ wò lálaalẹ́.

Ọmọ Ìjerò:

Ẹ̀yin mà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ mu àgbo yẹn. Òun ló wo bàbá mi sàn pátápátá lọ́dún tó kọjá. Wọn ò lo oògùn kankan mọ́, mínírà ni wọ́n ń mu báyìí.

Nọ́ọ̀sì Fẹ̀yìntì, Adó:

Ọmọ mi, mélòó ni àyẹ̀wò wọn tó ń fi bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù mẹ́ta hàn, èyí tí wọ́n ń pè ní HbA1c? Ti ẹni tí kò ní àtọ̀gbẹ kì í tó 6.5%.

Ìyá Télọ̀, ewúro nínú ọbẹ̀, ẹ jẹ ẹ́. Àgbo tí a kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, tí a sì ní kí ẹ torí rẹ̀ dá oògùn dúró, rárá o.

Ọmọ Ìjerò:

Wọn ò tíì ṣe àyẹ̀wò láti ìgbà náà, mà. Màá mú wọn lọ sí Ìdó lọ́sẹ̀ yìí.

Ìyá Télọ̀ Ìkọ̀lé:

Ẹ ṣé gan-an ni. Nọ́ọ̀sì, ìbéèrè yín ni kò jẹ́ kí n sùn. Mo ronú títí, mo rántí: ọsàn! Mo bó ọsàn fún ọmọ oníbàárà tó ń sunkún, mo nu ọwọ́ mọ́ ègé aṣọ, mo gún ìka. Lánàá mo dán an wò. Mo bó ọsàn, mo wọ̀n ọ́n: 297. Mo fi ọṣẹ fọwọ́, mo nù ún gbẹ, mo gún ìka kejì: 164. Ó dùn mí pé sítíríìpù méjì lọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ni mo rín. Ìgò rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ áyọ́ọ̀nù lóòótọ́, mi ò mọ bí ẹ ṣe rí i láti Adó.

203 ni láàárọ̀ yìí. Mọ́ínmọ́ín ni mo fi lo oògùn, ọjọ́ kejì rèé tí inú mi ò rú. Ọjọ́bọ̀ ni mo ń padà lọ rí dókítà pẹ̀lú ìwé mi. Ti ìyá ọkọ mi ló kù. Ó ń bọ̀ ní Jímọ̀ láti wá wo ìgò, mi ò sì tíì mọ ohun tí mo fẹ́ sọ.

Bàbá Ẹ̀fọ̀n, ẹ jọ̀ọ́ sà, ìkúùkù ta ni ká fi wọn iyán náà, tèmi àbí tiyín?