Ṣé ọmọ tó ń lo awò ojú lè gbádùn Mario Kart ní Epic Universe?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. A fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ sí Epic Universe, ọgbà ìṣeré tí Universal ṣí ní Orlando lóṣù karùn-ún 2025. Mario Kart, ìyẹn ọkọ̀ eré ìdíje tí wọ́n ń gùn níbẹ̀, tí wọ́n mú látinú géèmù Nintendo, ni àkọ́bí mi ń pariwo. Ó ga ju ínṣì 40 tí wọ́n béèrè lọ, àmọ́ awò ojú rẹ̀ ló ń kọ mí lóminú. Ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n máa ń dé nǹkan oníke síni lórí, tí wọ́n á wá so dígí mọ́ ọn níwájú. Inú dígí yẹn lèèyàn ti ń rí àwọn ọ̀tá inú eré náà tí òun fúnra rẹ̀ máa fi ìkarahun sọ. Ọmọ yìí ò sì ríran ọ̀ọ́kán láìsí awò.

Ẹ̀yin tí ẹ ti gùn ún, ṣé méjèèjì gba ara wọn lójú? Ṣé kì í fún un létí? Power-Up Band, ìyẹn ẹ̀gbà ọwọ́ tí wọ́n fi ń kó owó ẹyọ inú eré jọ níbẹ̀, ńkọ́, ṣé kí n rà á fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, àbí ẹyọ kan tó?