Ọ̀rọ̀ dánfó tó ń dí géètì wa: ó ti parí o

Ẹ rántí aládùúgbò tí mo ní ó máa ń gbé dánfó rẹ̀ dí géètì wa ní Ṣúúrùlérè níbí? Ó ti yanjú. Ẹ̀yin tí ẹ ní kí n yọ afẹ́fẹ́ táyà rẹ̀ nígbà tí mo béèrè ìmọ̀ràn, mi ò tẹ̀lé ìmọ̀ràn yín o! Alága àwọn onílé ni mo lọ bá. Ó pè wá jọ, ó fi ẹfun fa ìlà sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà láti fi hàn ibi tí dánfó náà á máa dúró sí. Àṣé ọkùnrin náà ò mọ̀ pé mo máa ń gbé ìyá mi lọ ọsibítù láàárọ̀ kùtù. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú." Ó ti kọ nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sí páálí, ó fi há gíláàsì iwájú dánfó rẹ̀. Lánàá tí mo pè é, tòun ti búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu ló sáré jáde. Ẹ ṣeun gan-an.