"Àìtó" kọ́, "àìkájú" ni

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ kú iṣẹ́ èdè o. Mo rí orúkọ tí ẹ̀gbọ́n wa tó wà n'Ìbarà dá lábàá fún ohun tó máa ń ṣe ẹni tó fara pa yánnayànna, tí àwọn òyìnbó ń pè ní "adrenal insufficiency", pé ká máa pè é ní "àìṣiṣẹ́ kíndìnrín kékeré". Ẹ̀gbọ́n, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ ká gbà á. Kíndìnrín kọ́ ló ń ṣàìsàn, ohun kékeré kan tó jókòó lórí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ kàn.

Nọ́ọ̀sì ni mí níbí, l'Abẹ́òkúta. Wọ́n gbé ọmọkùnrin kan wá lọ́jọ́ kan, ọkọ̀ ló gbá ọ̀kadà rẹ̀. A fa omi sí i lára, a fa ẹ̀jẹ̀ sí i, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò gòkè kúrò ní 80. Oògùn tó ń fún iṣan ẹ̀jẹ̀ pọ̀ ò ràn án. Dókítà kan jáde lọ bá ìyá rẹ̀, ó ní kíndìnrín kékeré ọmọ náà ò ṣiṣẹ́. Ìyá tó ń ta àdìrẹ n'Ítòkú tú gèlè, ó fi gbàjá, ó ń béèrè iye tí wọ́n ń gbà fọ ẹ̀jẹ̀, ó ní kí wọ́n yọ kíndìnrín òun kan fún un. Bẹ́ẹ̀, abẹ́rẹ́ hydrocortisone ni wọ́n fẹ́ fún ọmọ náà.

Ohun tí à ń wá orúkọ fún gúnwà sórí kíndìnrín kọ̀ọ̀kan. Ti ọ̀tún ní igun mẹ́ta bí abetí-ajá, ti òsì tẹ̀ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Ibẹ̀ ni adrenaline ti ń wá, ibẹ̀ náà ni cortisol, oje (hormone) tó ń gbé ìfúnpá ró lọ́jọ́ ìṣòro, tí abẹ́rẹ́ hydrocortisone ń rọ́pò. Ibi tó wà ni àwọn òyìnbó fi sọ ọ́ lórúkọ, "adrenal", ẹ̀bá kíndìnrín. Àwa tí a fi abẹ́ òkúta sọ ìlú wa, ṣé kò yẹ ká lè pè é ní "fìlà kíndìnrín"? "Kókó" tí àwọn kan mú wá fún "gland" ò dáa, torí ẹni tó bá gbọ́ kókó á máa fọwọ́ wá eéwo lábíyá.

"Àìtó" tí wọ́n fi ń túmọ̀ "insufficiency" gan-an ló ká mi lára jù. Àìsàn tí dókítà Thomas Addison kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1855, níbi tí fìlà náà fúnra rẹ̀ ti bàjẹ́, "àìtó" bá a mu. Ṣùgbọ́n ti ẹni tó fara pa yàtọ̀. Fìlà náà lè máa mú oje wá bó ṣe ń mú un wá tẹ́lẹ̀, kódà kó lé sí i, ìyọnu ló ju agbára rẹ̀ lọ; nígbà mìíràn ara ò tiẹ̀ jẹ́ ìpè oje náà mọ́. Ẹni tí ìsìnkú àti owó ilé ìwé bá já lù lóṣù kan náà, a kì í sọ pé owó oṣù rẹ̀ bàjẹ́. Ohun tí à ń sọ ni pé owó náà ò kájú ìnáwó. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká pè é ní "àìkájú oje fìlà kíndìnrín".

Èyí tí etomidate ń fà nìkan ni mo fẹ́ yọ sọ́tọ̀. Oògùn oorun ni, wọ́n máa ń fún èèyàn kí wọ́n tó ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, ẹ̀ẹ̀kan péré sì tó láti dènà cortisol. Ìyẹn kì í ṣe àìkájú, ẹnì kan ló sé ojú odò. "Ìséje" ńkọ́? Àbí ẹ̀yin àgbà ní èyí tó dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ?