Opó tí Henry Kẹjọ ṣú

Èmi náà ní tèmi láti sọ nípa ìtàn àròsọ tí wọ́n ń kọ lórí àwọn èèyàn tó gbé ayé rí. Iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan ní Peterborough, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Màmá kan wà níbẹ̀ tí ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Bí oorun bá dá lójú rẹ̀ lóru, á ní kí n wá kàwé fún òun. Ìtàn àròsọ lórí Catherine ará Aragon ní Sípéènì, ìyàwó àkọ́fẹ́ Henry Kẹjọ ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Mo kàn ń kà á lọ ni, àfi ìgbà tí mo débi tí ọkọ rẹ̀ kú.

Àṣé Arthur, ẹ̀gbọ́n Henry, ló kọ́kọ́ fẹ́ ẹ. Oṣù kọkànlá ọdún 1501 ni wọ́n ṣègbéyàwó ní St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù. Kí oṣù kẹrin ọdún 1502 tó parí, Arthur ti kú sí Ludlow. Ọmọ ọdún 16 ni Catherine, nílẹ̀ àjèjì, tí bàbá rẹ̀ àti bàbá ọkọ rẹ̀ ń fa owó ìgbéyàwó mọ́ra wọn lọ́wọ́ (ìdílé ìyàwó ló ń sanwó lọ́dọ̀ tiwọn). Ọdún méje ló fi wà bẹ́ẹ̀ kí Henry tó fẹ́ ẹ ní 1509.

Mo sọ fún màmá pé opó ṣíṣú là ń pe èyí nílé wa. Wọ́n ṣú ìyá ìyá mi náà lópó fún àbúrò ọkọ rẹ̀, ọ̀dọ̀ ọkọ kejì yẹn ló sì ti bí ìyá mi. Màmá di ọwọ́ mi mú, ó ní kí n sọ ọ́ tán. A ò ṣí ìwé yẹn mọ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ṣùgbọ́n ìwé náà bí mi nínú níbì kan. Ẹni tó kọ ọ́ wọ yàrá Catherine àti Arthur lọ, ó ń ròyìn bí ẹni tó sá sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ni mo bá ra ìwé ìtàn gidi nílé ìtajà àlòkù kan kí n lè mọ ohun tó wà nílẹ̀. Ìbẹ̀ ni mo ti rí ẹjọ́ ọdún 1529, tí Henry fẹ́ fi tú ìgbéyàwó òun àti Catherine ká, torí pé ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun ni. Lẹ́yìn ọdún tó lé ní 27, ẹlẹ́rìí kan dìde, ó ní ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ìgbéyàwó, Arthur bèèrè ohun mímu, ó ní òun ti dé àárín ilẹ̀ Sípéènì lóru. Tó bá jẹ́ nílé wa láyé àtijọ́ ni, aṣọ funfun orí ẹní là bá bèèrè, kì í ṣe ẹnu àwọn ọkùnrin.

Catherine ní irọ́ ni, pé Henry bá òun nílé. Ní ọjọ́ 21 oṣù kẹfà ọdún náà, ó kúnlẹ̀ níwájú ọkọ rẹ̀ nílé ẹjọ́ ní Blackfriars, ó sọ ọ́ sí i lójú, ó fi Ọlọ́run ṣe ẹlẹ́rìí, ó dìde, ó ń lọ. Wọ́n pè é padà, kò dá wọn lóhùn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ojú ewé yẹn. Mo gba obìnrin yìí gbọ́.

Léfítíkù orí 20 ni Henry dì mú, pé ẹni tó bá fẹ́ ìyàwó arákùnrin rẹ̀ kò ní bímọ. Deuterónómì orí 25, tó ní kí àbúrò ṣú opó ẹ̀gbọ́n tí kò bímọ, kò ṣe é láǹfààní. Bẹ́ẹ̀ ni Catherine ń bímọ, ó ń sin ín. Ọmọkùnrin tó bí lọ́jọ́ kìíní ọdún 1511 kò pé oṣù méjì láyé. Mary tó bí ní 1516 nìkan ló yè. Wọ́n ya àwòrán ìdíje orí ẹṣin tí wọ́n fi yọ̀ fún ọmọkùnrin yẹn sórí awọ gígùn kan, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan sì wà nínú rẹ̀ lórí ẹṣin, ó wé láwàní, ó ń fun kàkàkí: John Blanke, tó ń gba pẹ́nì 8 lóòjọ́ láàfin tẹ́lẹ̀, tó sì kọ̀wé sí ọba pé kí wọ́n fowó kún un. Màmá ti sùn nígbà tí mo rí i. Díẹ̀ ló kù kí n jí i.

Inú Katidira Peterborough níbí ni wọ́n sin Catherine sí ní oṣù kìíní ọdún 1536. Mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá lọ síbi iṣẹ́ tipẹ́, n kò mọ̀. Henry kò jẹ́ kí wọ́n sin ín bí ayaba. Opó Arthur ni wọ́n sin. Nígbà tí mo lọ, lẹ́tà wúrà ńláńlá ni mo bá lókè sàréè náà: Katharine, Ayaba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pómégíránétì, èso ìṣẹ́tí aṣọ Áárónì yẹn, ni Catherine fi ṣe àmì rẹ̀, àwọn èèyàn sì ń gbé e síbẹ̀ fún un. Èmi náà gbé ọ̀kan síbẹ̀, mo ya fọ́tò.

Lóru ọjọ́ yẹn mo fẹ fọ́tò náà lójú foonu fún màmá títí lẹ́tà wúrà náà fi tóbi. Ó ń fi ìka tọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ibi “Ayaba,” ó ní kí n lọ mú ìwé wá, kí n tún ti Blackfriars kà.