Àpótí alùpùpù já lára ògiri gáréèjì: báwo ni mo ṣe lè kọ́ ọ kó dúró?

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Iṣẹ́ mi máa ń gbé mi láti Ìbàdàn lọ sí Ìsẹ́yìn àti Ṣakí lórí alùpùpù, nítorí náà mo ní àpótí alumíníọ́ọ̀mù méjì tó ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ àti ọ̀kan tó ń wà lẹ́yìn ìjókòó. Bí mo bá ti délé, mo máa ń tú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ gáréèjì ni mo sì ń kó wọn sí, láàárín kẹ́ẹ̀gì epo, táyà àtijọ́, irinṣẹ́, akoto méjì àti àwọn páálí tí a kò tíì tú láti ìgbà tí a ti kó dé ilé yìí. Lóṣù tó kọjá, òjò gba abẹ́ ìlẹ̀kùn wọlé, gbogbo páálí ìsàlẹ̀ ló sì rin.

Ìyẹn ló mú kí n kan pákó kan mọ́ ògiri pẹ̀lú síkúrù àti fíṣà (ike tí a ń kì bọ ihò ògiri kí síkúrù lè há) mẹ́rin, tí mo sì fi ìkọ́ irin sí i. Àpótí kọ̀ọ̀kan kò ju nǹkan bíi kìlò 5 lọ tí kò bá sí ẹrù nínú rẹ̀. Ní òru ọjọ́ kẹsàn-án, a gbọ́ ariwo. Fíṣà méjì òkè ti fà yọ pẹ̀lú sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri, igun àpótí kan sì ti tẹ̀ wọnú débi pé ìdérí rẹ̀ kò pàdé mọ́. Bulọ́ọ̀kù oníhò 6 ínǹṣì ni ògiri náà. Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Káfíńtà, Abẹ́òkúta

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, àpótí yẹn dùn mí. Ẹ kò ṣe àṣìṣe ńlá, ara bulọ́ọ̀kù ni kò gba ohun tí ẹ gbé lé e. Bulọ́ọ̀kù yẹn gùn ní 18 ínǹṣì, ó ga ní 9, ihò ńlá méjì sì wà nínú rẹ̀, tó fi jẹ́ pé ara tó yí ihò náà ká kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìbú ìka méjì lọ. Fíṣà kì í di nǹkan mú àfi tí ara líle bá yí i ká, torí pé bí síkúrù ṣe ń wọ inú rẹ̀ ló ń wú, wíwú yẹn ló sì fi ń há mọ́ ihò. Bó bá yọ sí ojú òfìfo, kò rí ohun tí yóò há mọ́.

Ẹ tún wo ibi tó ti yọ. Àpótí yín yọ síta tó ẹsẹ̀ bàtà kan láti ara ògiri, nítorí náà, bó ṣe ń fa pákó wálẹ̀ ló ń ti ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ògiri, tó sì ń fa òkè rẹ̀ kúrò. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ fíṣà òkè ló kọ́kọ́ yọ.

Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ jẹ́ kí ilẹ̀ ru ẹrù náà, kí iṣẹ́ ògiri sì jẹ́ láti má ṣe jẹ́ kó ṣubú nìkan. Ẹ na òpó pákó mẹ́ta, tó nípọn ní 2 ínǹṣì tó sì fẹ̀ ní 4, láti ilẹ̀ dé líńtẹ̀lì tó wà lókè ìlẹ̀kùn, torí pé kọnkéré tó dì ni líńtẹ̀lì, fíṣà yóò sì dúró níbẹ̀. Ẹ lè lo afárá fún òkè, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ẹsẹ̀ òpó jẹ́ apá tàbí ìrókò, kí ẹ sì gbé e lé àfọ́kù táìlì, torí ikán fẹ́ràn afárá púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ kan àwọn pákó ìdábùú mọ́ òpó. Èmi máa ń la pákó ìdábùú sí méjì pẹ̀lú ayùn tó dẹ̀gbẹ́ ní dígírì 45: ìlàjì kan á wà lára òpó pẹ̀lú ẹnu rẹ̀ lókè, èkejì á wà lẹ́yìn sẹ́ẹ̀fù (pẹpẹ ìkẹ́rùsí), wọn á sì há mọ́ra wọn. Bí ẹ bá fẹ́ yí ààyè sẹ́ẹ̀fù padà, ẹ kàn gbé e sókè ni, kò sí ìṣó kankan láti yọ.

Wẹ́dà, Ìlọrin

Òótọ́ ni ẹ̀gbọ́n káfíńtà sọ. Ti ìkọ́ ni mo fẹ́ fi kún un. Ọ̀pọ̀ àpótí alumíníọ́ọ̀mù ló ń há mọ́ páìpù tí ìta rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 18 lára alùpùpù, nítorí náà irú páìpù bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ jó mọ́ irin pẹlẹbẹ, kí ẹ sì kàn án mọ́ pákó ìdábùú, kí àpótí lè jókòó sí i bó ṣe ń jókòó lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ má ra páìpù omi tí wọ́n ń pè ní ààbọ̀ ínǹṣì: ìta rẹ̀ lé ní mìlímítà 21, kò ní wọlé. Ẹ gbé àpótí náà fúnra rẹ̀ lọ bá wẹ́dà yín.

Olùtọ́jú yàrá ìkẹ́rùsí, Òṣogbo

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé kẹ́ẹ̀gì epo sórí sẹ́ẹ̀fù yẹn rárá. Epo bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́, kó jìnnà sí jẹnẹrétọ̀ àti ibi tí ẹ ti ń lo ẹ̀rọ tó ń ta iná. Akoto náà kò gbọ́dọ̀ sún mọ́ epo, nítorí pé epo máa ń jẹ fóòmù líle tó wà nínú rẹ̀, ẹ kò sì ní rí i lójú.

Olùbéèrè, Ìbàdàn

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Mo fi ìdí òòlù kan ògiri náà lálẹ́ àná, ojú ihò ń dún bí ìkòkò òfìfo, líńtẹ̀lì sì ń dún kì. Ṣùgbọ́n ayálégbé ni mí, onílé kò sì fẹ́ kí n tún lu ihò kankan. Ẹ̀gbọ́n káfíńtà, ṣé òpó àti sẹ́ẹ̀fù náà lè dá dúró láìkàn wọ́n mọ́ ògiri?

Káfíńtà, Abẹ́òkúta

Ó lè dá dúró. Ẹ fi ẹsẹ̀ pákó tó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 2 sí ìsàlẹ̀ òpó kọ̀ọ̀kan, kó yọ síwájú, kí ẹ sì fi pákó ìtì, ìyẹn pákó tó dẹ̀gbẹ́, so ó mọ́ òpó. Àpótí kò gbọ́dọ̀ yọ kọjá orí ẹsẹ̀ yẹn. Ẹ to bulọ́ọ̀kù bíi mẹ́ta sórí sẹ́ẹ̀fù ìsàlẹ̀ pátápátá, lẹ́bàá ògiri. Kí ẹ tó kọ́ àpótí kankan, ẹ di pákó òkè mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, kí ẹ rọra fà á síwájú. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá gbéra nílẹ̀, ẹ fi bulọ́ọ̀kù kún un.