Akáhùn olójú mẹ́ta: èsì mi lórí orúkọ dẹ́ẹ̀kì kásẹ́ẹ̀tì

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjíròrò o.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa dá sí i: ọ̀kan nínú wa ń kọ àpilẹ̀kọ kan ní Yorùbá lórí àwọn dẹ́ẹ̀kì kásẹ́ẹ̀tì tí a fi ń gba orin sílẹ̀ nílé, láti orí èyí tí owó rẹ̀ kéré dé orí èyí tó gbówó lórí jù. Ó béèrè orúkọ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, orúkọ ohun tí àwọn tó ń tún rédíò ṣe ń pè ní ẹ́ẹ̀dì (head), irin kékeré tó fara ti téèpù, orúkọ iṣẹ́ tí Dolby, ètò tó ń dín ìró ṣìì orí téèpù kù, ń ṣe, àti bí a ó ṣe pe ìsọ̀rí owó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ̀gbọ́n wa kan láti Ìbàdàn dáhùn pé agbohùnsílẹ̀ ti wà nílẹ̀, kí la tún ń wá kiri? Ẹlòmíràn ní ká fi dẹ́ẹ̀kì sílẹ̀ bó ṣe wà, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń pè é lọ́jà Alábà.

Mo bọ̀wọ̀ fún ẹ̀gbọ́n wa, ṣùgbọ́n agbohùnsílẹ̀ kò bá ẹ̀rọ yìí mu. Ẹ wo àmì ohùn orí rẹ̀ dáadáa. Gbà ló wà nínú rẹ̀, gbà ohùn. Ohùn ìsàlẹ̀ tó wà lórí gbà ló di ohùn àárín nígbà tó pàdé ọ̀rọ̀-orúkọ. Ká ní gbé ni, ohùn òkè ni à bá gbọ́, bí a ṣe ń gbọ́ ọ nínú agbóhùnsáfẹ́fẹ́, èyí tó gbé ohùn sáfẹ́fẹ́. Agbohùnsílẹ̀ ni èyí tó gba ohùn lẹ́nu èèyàn: ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí akọ̀ròyìn ń gbé síwájú kábíyèsí, tó ní etí tirẹ̀ tó fi ń gbọ́, tó sì ní ẹnu tirẹ̀ tó fi ń sọ ohun tó gbọ́ padà. Orúkọ náà bá a mu gan-an, kí ẹnikẹ́ni má ṣe gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Dẹ́ẹ̀kì kò ní ẹnu. Bí ẹ bá yọ ọ́ nínú páálí, tí ẹ ki kásẹ́ẹ̀tì bọ inú rẹ̀, tí ẹ tẹ̀ ẹ́, kásẹ́ẹ̀tì á máa yí, ẹ ò sì ní gbọ́ nǹkan kan. Àfi kí ẹ fi wáyà so ó mọ́ ańpílífáyà àti sípíkà. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn kò ní etí náà; ohun tí rédíò tàbí ẹ̀rọ àwo orin bá fi ránṣẹ́ gba inú wáyà ni wọ́n ń gbà. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe: wọ́n ń ká ohùn sórí téèpù, wọ́n sì ń tú u sílẹ̀.

Mo mọ̀ọ́mọ̀ lo ká. Àwọn ọmọ òde òní kì í sọ pé “wọ́n gba fídíò náà sílẹ̀” mọ́, “wọ́n ká a sílẹ̀” ni wọ́n ń sọ, láìsí pé akadá kan ló kọ́ wọn. Ká yìí náà la fi ń ká ẹní. Inú kásẹ́ẹ̀tì tí iléeṣẹ́ Philips gbé jáde ní 1963, téèpù tí fífẹ̀ rẹ̀ kò pé mìlímítà mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Ó ń rìn ní sẹ̀ǹtímítà 4.76 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó fi jẹ́ pé nǹkan bíi mítà 86 ni wọ́n ká sínú C60 kan, ìyẹn kásẹ́ẹ̀tì oníwákàtí kan, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lójú kọ̀ọ̀kan. Ohùn tí wọ́n ká bí ẹní ni. Nítorí náà, àbá mi ni akáhùn: ká ohùn, káhùn, akáhùn. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn á fẹ́ kó di akóhùn, ṣùgbọ́n ẹni bá gbọ́ ìyẹn á rò pé kó ohùn ni, bí ẹni kó ẹrù.

Ní ti ẹ́ẹ̀dì, àwọn mẹ́ta ló ti dìbò fún orí. Òjìji Gẹ̀ẹ́sì ni mo rí nínú ìyẹn. Kí ni orí nínú irin kékeré tó fara ti téèpù? Orí wa ní iṣẹ́ púpọ̀ tó ń ṣe, láti orí tí a fi ń ru ẹrù dé orí tí a yàn lọ́run, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tó jọ eléyìí. Ojú ni ẹ jẹ́ ká pè é. Ní Yorùbá, ibi tí nǹkan ti ń ṣiṣẹ́ gan-an là ń pè ní ojú rẹ̀. Ojú abẹ́rẹ́ ni òwú ń gbà kọjá. Ojú idà ló ń gé nǹkan, òun la ṣe ń sọ pé idà olójú méjì. Ẹ̀rọ yìí sì ní ojú lóòótọ́: àlàfo tín-ín-rín kan wà níwájú irin náà, ojú lásán kò lè rí i, ibẹ̀ ni agbára òòfà ti ń jáde bá téèpù tó ń kọjá.

Bí ẹ bá gba ojú, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú àti èyí tó wọ́n á la ara rẹ̀ sílẹ̀. Akáhùn olójú méjì ní ojú kan tó ń pa ohun àtijọ́ rẹ́, àti ojú kejì tó ń káhùn tó tún ń tú u sílẹ̀. Ojú kejì yẹn ni ìṣòro wà, nítorí àlàfo tó fẹ̀ díẹ̀ ló dára fún kíká, èyí tó há ló dára fún títú. Ẹni tó bá fi ojú kan ṣe iṣẹ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ fi tibí fún tọ̀hún. Akáhùn olójú mẹ́ta pín iṣẹ́ náà, ó sì fún wa ní ohun kan tí olójú méjì kò lè fúnni láéláé: bó ṣe ń ká orin lọ lọ́wọ́ lẹ ti lè máa gbọ́ ohun tó ti wọ orí téèpù. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ẹ ò ní dúró dìgbà tí wákàtí kan bá kọjá kí ẹ tó mọ̀. Iléeṣẹ́ Nakamichi ti ilẹ̀ Japan gbé olójú mẹ́ta oníkásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1973, wọ́n pè é ní Nakamichi 1000, iye ojú sì wà lára ohun tí ẹni tó fẹ́ ra akáhùn máa ń béèrè.

Ojú á tún ràn wá lọ́wọ́ níbòmíràn. Bàbá mi ká oríkì ìyá wọn sórí C60 kan, kí màmá tó dolóògbé. Nígbà tí mo gbé kásẹ́ẹ̀tì náà sínú akáhùn tó dára, ohùn màmá dún bí ìgbà tí èèyàn fi aṣọ bo ẹnu. Mo rò pé téèpù ti bàjẹ́, ó dùn mí dé ọkàn. Ẹni tó bá mi tún un ṣe ló ṣàlàyé fún mi pé ojú ẹ̀rọ bàbá mi wọ́ díẹ̀, kò dúró ṣánṣán, tèmi sì dúró ṣánṣán, nítorí náà wọn kò ríran kan náà. Ó rọra yí nọ́ọ̀tì kékeré tó di ojú náà mú, ohùn màmá sì là gaara. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní azimuth nìyẹn. Ìdúró ojú ni mo máa pè é.

Ẹni tó dábàá apariwo fún Dolby, mo bẹ̀ yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún un rò. Ẹni tó ń kígbe ni apariwo! Àti pé ìró ṣìì tó wà lórí téèpù, èyí tó dà bí epo tó ń ta nínú agbada lókèèrè, kì í ṣe ariwo. Asẹ́ tí ẹlòmíràn mú wá dùn létí, ṣùgbọ́n yóò ṣi ẹni tó fẹ́ lo ẹ̀rọ lọ́nà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ń sẹ́ ògì. Ìgbà méjì ni Dolby ń ṣiṣẹ́. Nígbà kíká, ó ń gbé àwọn ìró tínrín tí kò le sókè. Nígbà títú, ó ń dá wọn padà síbi tí wọ́n wà, ìró ṣìì á sì bá wọn wálẹ̀. Ẹni tó bá lò ó lẹ́yìn nìkan, láìlò ó níbẹ̀rẹ̀, orin rẹ̀ á ṣókùnkùn. Rẹ̀ sílẹ̀ ló bá a mu: arẹṣììsílẹ̀. Ó gùn, mo gbà, ẹni tó bá ní èyí tó kúrú kó mú un wá. Orúkọ Dolby àti lẹ́tà tó ń fi irú rẹ̀ hàn kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, B, C àti S, torí S kì í sábà sí nínú èyí tí owó rẹ̀ kéré.

Ti wow àti flutter, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ohùn nígbà tí ìrìn téèpù kò bá dọ́gba, kò le. Ohùn tó ń fì jẹ́jẹ́ àti ohùn tó ń gbọ̀n: ìfì àti ìgbọ̀n.

Ó wá ku ìsọ̀rí owó. “Ti mẹ̀kúnnù, ti ọlọ́lá, ti ọba” ni ẹnìkan kọ. Orúkọ ẹni tó ń rà á nìyẹn, kì í ṣe orúkọ ohun tó rà. A kì í pe sányán ní aṣọ olówó; sányán, àlàárì àti ẹtù la ń pè wọ́n, òwú àti àwọ̀ wọn la fi ń dá wọn mọ̀, ẹni tó bá mọ̀ wọ́n á sì mọ iye tí wọ́n tó. Owó tún ń yí padà. Nakamichi Dragon tó jáde ní 1982 lé ní 1,800 dọ́là nígbà náà, nítorí pé ó ń tún ìdúró ojú rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ fún kásẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Bí èèyàn bá rí ọ̀kan tí ọwọ́ kò kàn fún ogún ọdún, olójú méjì tí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì rẹ̀ lè káhùn dáadáa jù ú lọ. Ẹ sì wo oníkásẹ́ẹ̀tì méjì, èyí tí a fi ń da kásẹ́ẹ̀tì kan kọ sínú òmíràn. Owó rẹ̀ sábà máa ń ju ti oníkásẹ́ẹ̀tì kan tó jẹ́ ojúgbà rẹ̀ lọ, síbẹ̀ ilé kásẹ́ẹ̀tì kejì ló gba owó tí wọn ì bá fi mú ojú dára sí i. Bí a bá tò ó ní “ti ọlọ́lá”, a ti parọ́ fún òǹkàwé. Ẹ jẹ́ kí àpilẹ̀kọ náà sọ pé olójú méjì, oníkásẹ́ẹ̀tì méjì, olójú mẹ́ta, kó wá kọ iye owó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn.

Ibì kan ṣì dí mọ́ mi lójú. Àwọn tó wọ́n jù ní ọ̀pá irin méjì tó ń fa téèpù, ọ̀kan lápá òsì ojú, ọ̀kan lápá ọ̀tún, kí téèpù lè le dáadáa níwájú ojú. Bí a bá tẹ̀ lé òfin èdè, “akáhùn ọlọ́pàá méjì” ló yẹ ká wí, ọlọ́pàá sì ti di orúkọ àwọn tó ń mú ọ̀daràn. Mo ń ronú lọ sọ́dọ̀ àwọn ahunṣọ àti àwọn ìyá tó máa ń ran òwú, torí iṣẹ́ fífà àti kíká ni tiwọn náà. Ẹni tó bá ní irú ìyá bẹ́ẹ̀ ní Ìsẹ́yìn tàbí níbòmíràn, ẹ bá mi bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pe igi tó ń yí tó ń fa òwú.